Kí Sófíà Olótùútù Tó Kọjá

Oberlauben, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

Volkmar, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Graça ìyàwó rẹ. Ṣé ẹ̀ ń gbádùn? Àwọn òdòdó wà dáadáa. Igi rọ́bà ti yọ ewé tuntun láti Ọdún Àjíǹde, orí rẹ̀ sì ti fẹ́ kan àjà pálọ̀. Òdòdó kílífíà ti tanná. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ ń re ewé, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti rí oòrùn lójú fèrèsé tí òun sì wà nínú ilé. Èmi náà wà, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń pe ara rẹ̀ lọ́gàá.

Bàbá Zwirner tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ti tún bẹ̀rẹ̀ wèrè ọdọọdún rẹ̀. Lánàá ó ń fọ ẹ̀yìnkùlé, ó ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni àwọn òdòdó fùsíà òun ń jáde. Mo ní, "Bàbá Zwirner, ẹ jẹ́ kí Sófíà Olótùútù kọjá ná." Ó ní, "Ìyá Brändle, Sófíà yín ò mọ ọ̀nà ilé mi." Ohun tó ń sọ lọ́dọọdún nìyẹn, lọ́dọọdún náà ni yìnyín ń jó wọn. Á wá yọ́ lọ ra òmíràn lọ́jà, á ní àwọn ti àná ló jí padà. A máa ń wo ara wa lójú tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí kò ju ohun tó o mọ̀ lọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ni Sófíà, òun ló kẹ́yìn nínú àwọn ẹni mímọ́ olótùútù tí ọjọ́ wọn máa ń mú òtútù wá, kí ó sì tó kọjá, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí í gbé òdòdó kúrò nínú ilé. Kó o wá lọ́jọ́ kejìdínlógún bó o ṣe máa ń wá, kó o bá mi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Má wọ bàtà tó ń yọ̀. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìwọ àti igi rọ́bà jọ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọkàn mi já lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀ka òkè rẹ̀ kì í tètè hù padà.

Roswitha àbúrò rẹ ní kí ló dé tí mi ò máa pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, "Mo ti gbọ́, Màmá" lo máa ń sọ, tó ò sì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́tà, ó dìgbà tó o bá kà á tán kó o tó dáhùn. Màá ṣe kéèkì tó o fẹ́ràn.

Ìyá rẹ,
Ottilie


Porto, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú àwọn òdòdó. Inú mi dùn sí ewé tuntun tí igi rọ́bà yọ. Ṣé ẹ ń fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń bomi rin ọsàn wẹ́wẹ́ lámujù? Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti orúnkún.

Màmá, mi ò ní lè wá lọ́dún yìí. Ilé iṣẹ́ wa ń kó lọ sí ibòmíràn nínú oṣù Karùn-ún, ọ̀gá mi ò sì fún ẹnikẹ́ni láyè. Mo ṣàlàyé fún un pé òdòdó ìyá mi fẹ́ jáde, ó wò mí títí, ó ní kí n lọ sinmi. Graça náà ò gbè mí. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni látinú oyún, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé ẹni mímọ́ kan ń rìn kiri lóṣù Karùn-ún tó ń pa òdòdó. Ó bi mí pé, "Gbogbo yín lẹ máa ń kó o jáde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ kó o wọlé?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú kí ẹ tó ka èyí tó kù tán. Èmi àti Roswitha ti jọ sọ̀rọ̀. Ilé àwọn àgbà kan wà lẹ́bàá odò, ó mọ́, wọ́n ń se oúnjẹ, ẹ̀rọ ló ń gbé ènìyàn gòkè. Yàrá kan máa ṣófo níbẹ̀ nígbà tí oṣù Kẹfà bá bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò òdòdó kan ni wọ́n ń gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Roswitha bẹ̀ wọ́n nítorí igi rọ́bà, wọ́n ní èyí tó ga ju nọ́ọ̀sì lọ, àwọn ò lè kà á sí òdòdó. Àgbà tí kò lè gbé òdòdó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, Màmá, ṣé ó yẹ kó máa dá gbé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Mo tún kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé abẹ́ ibòòji ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbé wọn sí, kí oòrùn má baà jó ewé wọn. Mo ní kí n sọ fún yín.

Ọmọ yín,
Volkmar


Oberlauben, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin

Volkmar,

Mo kí Graça. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo fi awò ojú kà á, mo tún yọ awò kà á, kò dùn lọ́nà méjèèjì.

O ti dàgbà débi tó o ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òdòdó sí ibòòji. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti ń fi òdòdó sí ibòòji kí bàbá rẹ tó mọ ojú mi.

Ní ti ilé yẹn, ó dùn mí, Volkmar. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ìwọ àti àbúrò rẹ jókòó, ẹ jọ wá ibi tí ẹ máa gbé mi sí, lẹ́yìn náà ni ẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló ń gbé ènìyàn gòkè. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo. Nínú ilé yìí ni mo ti ń jẹ tèmi, ọ̀sẹ̀ tó bá kàn mí láti gbá àtẹ̀gùn, mo ń gbá a, kò sí ẹni tó rí eruku lẹ́yìn mi. Ìkòkò kan ṣoṣo, wọ́n ní kí n yàn. Ṣé wọ́n ń ní kí ìyá yan ọmọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí mo bí gan-an, yíyàn láàárín yín ì bá rọrùn fún mi lónìí, torí kò sí èyí tó wù mí nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Bí gbogbo òdòdó mi ò bá sí ní ẹ̀yìnkùlé ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, láìsí ìwọ, láìsí Roswitha, láìsí alábàárù tí ẹ háyà, màá di ẹrù mi, màá sì lọ síbi tí ẹ ní kí n lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà níta, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ilé náà létí mi mọ́ títí màá fi kú. Dá mi lóhùn kíá.

Ottilie, ìyá yín ẹ̀yin méjèèjì


Porto, ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ má bínú sí wa. Èmi àti Roswitha ti gbà, àdéhùn ni. Ní ogúnjọ́, Roswitha á wá wo ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, mi ò rò pé ẹ lè ṣe é. Ẹ̀yin àti orúnkún yín, ẹ fẹ́ gbé igi tó fẹ́ kan àjà gba orí àtẹ̀gùn? Yàrá náà ṣì wà ní ìpamọ́ fún yín. Bó bá di pé ẹ máa yàn, kílífíà ni mo máa dábàá, ó níwà, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan igi rọ́bà. Bó bá ṣubú, a ò lè rí irú rẹ̀ mọ́.

Graça kí yín.

Volkmar


Porto, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún

Màmá,

Roswitha pè mí lálẹ́ àná, ó ń sunkún. Ó ní òun gba ẹ̀gbẹ́ ilé yín kọjá, òun sì rí igi rọ́bà níta. Mo ní igi ẹlòmíràn ni. Ó ní òun mọ ìkòkò aláwọ̀ ewé náà dáadáa, àti pé kílífíà, ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo wọn pátá ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejìlá, Màmá. Sófíà ò tíì dé, àwọn ẹni mímọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ni.

Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn? Ẹ̀yin tí Bàbá wa gbé igi ọrọ́ kékeré kan jáde lọ́jọ́ kẹtàlá lọ́dún kan, tí ẹ ò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbé e wọlé padà. Nígbà tí ẹ gbàgbé ọjọ́ ìbí mi, mi ò kà á sí. Nígbà tí ẹ bu iyọ̀ sínú kọfí Graça, mo ní àgbà ló dé. Ṣùgbọ́n èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé Sófíà, kí ló tún kù tí kò lè gbàgbé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ oṣù tí a wà sínú èsì yín. Ẹ kọ tiyín náà.

Volkmar


Porto, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pè yín, fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Roswitha kan ilẹ̀kùn, ẹ sì pariwo látinú ilé pé ọwọ́ yín dí. Kí lọwọ́ yín fi ń dí? Ó ní òun yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, òun rí àwọn nǹkan gàgàrà tí ẹ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò mọ́lẹ̀, tí ẹ sì fi okùn aṣọ so lọ́rùn.

A ti pinnu pé Dókítà Rühle á tẹ̀ lé Roswitha wá sọ́dọ̀ yín ní ogúnjọ́. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ìbéèrè díẹ̀ ló máa bi yín. Mo ti sọ fún ilé àwọn àgbà kí wọ́n má fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí, Màmá. Kò sí ẹni tó mọ bí orí òun ṣe máa ṣe lọ́jọ́ alẹ́.

Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá ní gbogbo àgbègbè yín, mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Báwo ni igi rọ́bà?

Volkmar


Oberlauben, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún

Volkmar,

Oṣù Karùn-ún ni a wà. Ottilie Brändle ni mo ń jẹ́. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó o rán mi.

Mi ò kọ̀wé torí mo ń tọ́jú Bàbá Zwirner aláìsàn pẹ̀lú àwọn òdòdó. Fi ara balẹ̀, kí n sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú Bàbá Zwirner ti ń ṣú láti ìgbà òtútù. Ó ń pe ológbò ní aṣọ ìnulẹ̀. Wọ́n fún un lọ́jọ́ kọkànlá láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó gòkè wá kan ilẹ̀kùn mi.

Ó ní, "Ìyá Brändle, mo gbọ́ pé ẹ ti fi ara yín dógò fún àwọn ọmọ yín."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Ògiri ilé wa ò nípọn, ohùn rara lẹ sì fi ń ka lẹ́tà yín. Ta ló máa bá yín gbé wọn?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n òní ni. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ojú mi lọ́la, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju ife kọfí lọ títí oṣù yìí á fi parí."

"Bàbá Zwirner, ẹ jẹ́ kí Sófíà kọjá ná."

"Sófíà á kọjá. Ẹ̀yin náà á kọjá, sí ilé arúgbó."

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá dúró de Sófíà, mo máa pàdánù ilé mi. Bí mi ò bá dúró dè é, mo lè pàdánù òdòdó. Volkmar, mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo dìde, mo ní, "Ẹ gbé e."

Bí a ṣe gbé wọn nìyẹn, èmi tí mo ríran tí mi ò lè gbé nǹkan, àti òun tó lè gbé nǹkan tí kò ríran. Mo wà níwájú rẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń pè é. "Ẹ sọ̀. Ẹ tún sọ̀. Ẹ yà sí òsì. Òsì, mo ní, kì í ṣe orí mi." Ó bú mi, mo bú u, a ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí igi rọ́bà délẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó fọwọ́ pa ewé rẹ̀, ó ní, "Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ." Mo ní kò sí bó ṣe lè mọ̀, torí kò rí i. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń ṣí wọn láàárọ̀. Ohun tí Roswitha rí nìyẹn. Mo bo àwọn fùsíà Bàbá Zwirner náà, ẹni tó wà ní ọsibítù kò lè bo nǹkan. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, yìnyín bọ́ lóòótọ́. Aṣọ mi ká gbogbo wọn àfi igi rọ́bà, kò dé òkè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ó ti kú. Mo sunkún lórí rẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Lánàá ni Roswitha mú dókítà dé. Ó bi mí ní ọjọ́, mo sọ fún un. Ó bi mí ní orúkọ olórí ìjọba, mo sọ ọ́, mo sì fi èrò mi nípa rẹ̀ kún un. Ó ní kí n máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, mo ń yọ ọ́ lọ títí òun fúnra rẹ̀ fi ṣìnà. Nígbà náà ló sún àga mọ́ mi, tó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi mí bóyá mo jalè.

Ó ní, "Ìyá Brändle, kí ló dé tí ẹ gbé wọn jáde kí Sófíà tó kọjá?"

Mo ní, "Dókítà, mo mọ̀ pé òtútù máa pa nǹkan kan. Mo fẹ́ kó pa igi, kó má pa mí."

Dókítà di báàgì rẹ̀. Ó ní orí mi pé ju tòun lọ, ó wá béèrè bóyá mo lè fún òun ní ẹ̀ka kan lára kílífíà.

Gbogbo wọn ló wà níta ní ogúnjọ́. Àdéhùn wa ò sọ pé kí gbogbo wọn wà láàyè. Sọ fún àwọn onílé yẹn kí wọ́n fi yàrá wọn fún ẹlòmíràn.

Ìyá rẹ


Porto, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ dárí jì wá. Ẹ ti borí, a ò ní dárúkọ ilé náà mọ́. Mo ti pè wọ́n, yàrá náà ti lọ.

Ṣùgbọ́n igi rọ́bà, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín, mi ò jẹun dáadáa. Ọdún tí ẹ bí mi ni Bàbá rà á, a jọ dàgbà ni. Graça jókòó tì mí, ó ṣáà ń bu ọbẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ ti fi èékánná họ ara igi rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì tutù lábẹ́ èèpo? Ṣé ìkòkò rẹ̀ ò sán? Ẹ má jù ú nù kí ẹ tó gé e dé ìdí, nígbà mìíràn wọ́n máa ń hù láti ìsàlẹ̀. Báwo ni ọsàn wẹ́wẹ́? Ṣé kílífíà ò fara gbá? Kí ló dé tí ẹ fún dókítà lẹ́ka rẹ̀?

Màá sapá láti wá lóṣù Kẹwàá nígbà tí àwọn tó kù bá fẹ́ wọlé. Ẹ bá mi kí wọn.

Volkmar


Oberlauben, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Volkmar, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Graça tó ń bu ọbẹ̀ fún ọ. O ṣeun tó o jẹ́ kí yàrá yẹn lọ.

Mo wá ibi tó o ti béèrè mi nínú lẹ́tà rẹ. Mo wò ó níwájú, mo yí i padà. O béèrè ìkòkò. Mi ò bá ọ jà, mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé mo wá a.

Láti ọjọ́ tó o ti lọ sí Porto, ìgbà tí wọ́n bá ń jáde àti ìgbà tí wọ́n bá ń wọlé ni mo ń rí ọ. O máa ń dé, o máa ń gbé wọn, o máa ń jẹ kéèkì, o máa ń lọ. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé kí n dín wọn kù, pé òdòdó mi ti pọ̀ jù fún obìnrin kan. Mi ò dín wọn kù. Mo rò ó pé bí wọn ò bá sí, o ò ní wá. Igi rọ́bà yẹn, bàbá rẹ ló fẹ́ràn rẹ̀, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí, ó ń dí fèrèsé mi. Mo sunkún lórí rẹ̀ torí pé òun ló wúwo jù nínú wọn, òun nìkan ni mo máa ń sọ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè bá mi gbé e.

Ó ti kú báyìí. Ojú Bàbá Zwirner sì ti là, ó ní òun máa bá mi gbé àwọn tó kù wọlé tí oṣù Kẹwàá bá dé. Nítorí náà, bó bá jẹ́ òdòdó lo fẹ́ wá rí, má yọ ara rẹ lẹ́nu, a ti rí ẹni tó máa gbé wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo wà nílé. Kọ̀wé sí mi kí n mọ èyí tó jẹ́.

Ìyá rẹ


Porto, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Báwo ni ẹ ṣe wà? Ṣé ẹ ń sùn? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?

Ẹ má fi lẹ́tà dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni mo ń bọ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ọmọ yín,
Volkmar